Gbogbo Kànga New Haven Bọ́ sí Òkènè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má bínú, mo fi pa mọ́ fún yín ni: mo ti lọ́kọ! Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Mo fẹ́ pè yín wá jẹun ní Sátidé, àfi bí ọ̀gá mi ṣe fẹ́ bà á jẹ́ lónìí. Iṣẹ́ máàpù là ń ṣe. Ẹnì kan ló gbé nọ́ńbà méjì tó ń tọ́ka ibi tí kànga wà sí àyè ara wọn nínú tábìlì orí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo kànga New Haven, àdúgbò kan nílùú wa níbí, bá bọ́ sí Òkènè ní ìpínlẹ̀ mìíràn lórí máàpù!

Ọ̀gá ní, "Ìyàwó ọ̀ṣìngín, fọwọ́ tún gbogbo ìlà yìí ṣe. Bí kò bá tán, ibí lo máa wà ní Sátidé."

"Ẹ jẹ́ kí n pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, sà, kó máa tún wọn ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan."

"Ìwọ tí o ò kọjá sẹ́kọ́ńdírì?"

"Èmi náà ni, sà."

Mo kọ àṣẹ náà. Ó sáré dé ìlà tó kẹ́yìn, kànga kan ò mira. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo tún un wò: mi ò ní kó tọ́jú àtúnṣe ìlà kan pamọ́ kó tó bọ́ sí òmíràn! Mo fi ìyẹn kún un. Tíì ọ̀gá ò tíì tutù tí gbogbo kànga fi padà sílé.

"Ṣé ọkọ ẹ ló kọ́ ẹ?"

"Rárá o, sà. Èmi àti fóònù mi ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé sẹ́kọ́ńdírì ò tó ni? Ẹ fèsì, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ yín fèsì: ilé wa ní Obiagu, Sátidé yìí, aago méjìlá ọ̀sán!