Kabúrétọ̀ Tó Bá Ẹnu Ẹ́ńjìnnì Mu

Àǹtí Oníbàtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bàtà ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó rí tóóró bí àpótí, tí òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù kì í kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ó lè fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lè dé ilé kejì, àmọ́ bó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbàdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Sikútà ló ń gbé e. Sikútà náà kéré, irú èyí tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni, ó sì fúyẹ́ débi pé ó lè fi ọwọ́ kan gbé e dúró. Ọdún mọ́kànlá ló fi gùn ún lọ ra awọ, tó fi gùn ún dá bàtà padà fún àwọn tó ni ín, tó sì fi gùn ún lọ síbi tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Sikútà ọ̀hún ti dákẹ́ láti oṣù méjì. Kabúrétọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó máa ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó rí i mu, ti là, wọ́n sì ti jù ú nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mẹkáníìkì ti ra òmíràn. Èkíní ń da epo sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ tó yó. Èkejì á dún, á tún kú. Ẹ̀kẹta dún dáadáa o, àmọ́ bó ṣe kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé, ó húkọ́, ó sì padà sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Òun ló ra sikútà náà fún un nígbà náà, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ẹni tó ni ín.

"Yàrá kan ṣófo lẹ́yìnkùlé mi," ló wí. "Kó irinṣẹ́ rẹ wá síbẹ̀. Àwọn tó ni bàtà á máa wá bá ọ. Kí lo tún ń wá kiri?"

"Kiri náà gan-an ni mò ń wá, Bọ̀dá."

"Ẹnu rẹ ni ò rọ. Lọ́sàn-án Sátidé, èmi àti ẹni tó ń ra irin àlòkù á wá sílé rẹ. Tí nǹkan yìí bá dún kó tó lọ, mo gbà fún ọ. Tí kò bá dún, á bá a lọ."

"Á dún."

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rù àbúrò rẹ̀ ló ń bà á, pé kó má lọ ṣubú sójú títì. Àmọ́ ẹ̀rù ẹni ẹlẹ́ni ti di ẹrù lórí Àǹtí Oníbàtà tipẹ́, ó sì ti pinnu pé òun ò ní rù ú mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà kan mú bàtà dúdú kan wá. Nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ sọ pé bàtà kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ rẹ̀, ó sì ti fi èyí tó tóbi sí i. Àǹtí kò tiẹ̀ wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ́lẹ̀ ló wọ̀n. Ibi tó ti ń wọ̀n ọ́n ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó rántí pé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì sikútà rẹ̀ kú, mẹkáníìkì sì gbé àlòkù mìíràn sí i. Orúkọ tó wà lára sikútà ni wọ́n sì ń fi ra kabúrétọ̀.

Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

"Ẹ́ńjìnnì tí o gbé sí i nígbà yẹn, ti irú sikútà wo ni?"

"Ó ti pẹ́, Àǹtí. Ẹ́ńjìnnì ṣáà ni."

"Ṣé bàtà ṣáà lèmi máa ń rán fún ìwọ?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ra èyí tó tóbi ju gbogbo wọn lọ. Agbára rẹ̀ á pọ̀."

"Bàtà ńlá kì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ kékeré sáré. Tú èyí tó wà níbẹ̀ kúrò."

Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sikútà, ó sì nu ẹnu ẹ́ńjìnnì níbi tí kabúrétọ̀ máa ń jókòó sí. Ó gbé awọ tó nípọn lé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká títí etí irin fi hàn lára awọ. Ó gé e. Ó lu ihò méjì síbi tí bóòtù máa ń gbà, ó sì fi ọ̀bẹ yọ àárín rẹ̀ róbótó. Nígbà tó ki awọ róbótó tó yọ náà bọ ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó há ṣinṣin.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mẹkáníìkì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì.

"Kí lorúkọ sikútà?" ni ọ̀kan bi í.

"Orúkọ rẹ̀ ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnu rẹ̀ nìyí."

Ọkùnrin náà gbé awọ sókè fún àwọn tó wà nítòsí. "Ẹ wá wo ìyá yìí. Àtẹ́lẹ̀ bàtà ló fẹ́ fi ra kabúrétọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì tẹrí ba bí ẹni tí kò bá a wá. Àǹtí fara ti ọ̀pá rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.

"Ẹ ti rín in tó? Ẹ bá mi gbé páálí kabúrétọ̀ yẹn sọ̀ kalẹ̀."

Ó jókòó lórí táyà, ó sì ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ihò bóòtù bá dọ́gba, ihò àárín tó jẹ́ ọ̀fun rẹ̀ á fẹ̀ jù. Bí ọ̀fun bá dáa, bóòtù ò ní bá a mu. Páálí kejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó kan ọ̀kan tó kéré, tí ìdọ̀tí bò. Awọ jókòó sí i regí, awọ róbótó náà sì wọ ọ̀fun rẹ̀.

"Ti ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n oògùn sóko nìyẹn, ìyá," ni ọlọ́jà wí. "Kì í ṣe ti sikútà."

"Ṣé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀rín tó tún sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọlọ́jà náà ni wọ́n fi rín.

Lọ́sàn-án Sátidé, ẹni tó ń ra irin àlòkù ti dé ilé Àǹtí, ó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mẹkáníìkì de kabúrétọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì so wáyà mọ́ ọn. Ó tẹ sikútà, kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́, kò dún. Ẹ̀gbọ́n wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Sún," ni Àǹtí wí fún mẹkáníìkì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yí ìdè kékeré tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ díẹ̀, ó sì tún yí i díẹ̀ sí i. "Tẹ̀ ẹ́ báyìí."

Sikútà húkọ́, ó tú èéfín, ó sì dún. Ó kọ́kọ́ pariwo bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí dá ìdè náà padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹni tó ń ra irin dìde, ó gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, irin tó bá dákẹ́ lèmi máa ń rà."

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó wá dúró sí ẹnu géètì. "Ó dún, mo gbọ́. Níbo lò ń gbé e lọ báyìí?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ̀ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Àǹtí fi ọ̀pá há ẹ̀yìn sikútà, ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà láìdúró, ó sì yà sí òsì, níbi tí kò ní oníbàárà kankan sí.