Àkọ̀ Kọ́ Ló Jẹ Ẹja Mi

Lọ́sàn-án òní, bí a ti ń bọ̀ láti etí òkun Savannah, ọmọ mi obìnrin ya èmi àti ọmọ rẹ̀ sétí odò Chattahoochee kí a na ẹsẹ̀ díẹ̀ kí a tó délé ní Austell, ní Amẹ́ríkà níbí. Bí mo ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ni òórùn ẹrẹ̀ odò gbá mi nímú. Oṣù September ni, ooru ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀, ewé mélòó kan sì ti ń pọ́n. Àwọn awun tò sórí igi tó wó sómi, wọ́n ń yá oòrùn. Àkọ̀ kan dá dúró lórí ẹsẹ̀ gbọọrọ rẹ̀, ó ń ṣọ́ ẹja. Mo wo ẹyẹ yẹn, inú sì bí mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ má rò pé ẹyẹ ni mò ń bá jà. Làbákẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe. Ìbàdàn ló wà, ọ̀la ni wọ́n sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un. Láti ìjẹta ló ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n dárí ji òun kí wọ́n tó gbé òun wọlé. Mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́ta. Mi ò dá a lóhùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá nígbà tí bàbá mi kọ́ wa ní ìgèrè híhun. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ la fi ń hun ún bí apẹ̀rẹ̀ gígùn, a ó kọ ẹnu rẹ̀ sínú, kí ẹja lè wọlé kó má lè jáde. Ní kùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, a ó wọ odò dé orúnkún. Làbákẹ́ bẹ̀rù akàn púpọ̀, mo sì máa ń parọ́ fún un pé akàn ń bọ̀, kí n lè ṣíwájú rẹ̀ dé ìdí ìgèrè.

Létí odò wa, ẹnì kan kì í ká ìgèrè ẹlòmíì. Àmọ́ bí o bá rìnrìn àjò, ọ̀rẹ́ rẹ ni yóò bá ọ ká a, yóò yan ẹja náà, yóò sì fi pamọ́ dè ọ́.

Lọ́dún tí ìyá mi bí àbúrò mi ìkẹyìn, bàbá mi mú mi lọ sí Badagry fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, mo sì fi ìgèrè mi sílẹ̀ fún Làbákẹ́ kó máa bá mi ká a. Mo rí òkun, mo ṣa ìkarahun, ṣùgbọ́n ìgèrè mi ló wà lọ́kàn mi, nítorí mo ti ṣèlérí ẹja fún ọbẹ̀ ata ìyá mi. Nígbà tí a dé, ìgèrè ti ṣófo, ẹnu rẹ̀ ti ya. Làbákẹ́ wo ojú bàbá mi, ó ní, “Àkọ̀ ló kó o jẹ, Bàbá. Kò dì í dáadáa kó tó lọ.”

Bàbá mi gbà á gbọ́. Ó ní ẹni tí kò mọ ìgèrè í dì kò gbọdọ̀ dẹ ẹ́ mọ́, mi ò sì dẹ ẹ́ mọ́ títí mo fi kúrò nílùú. Ìyá mi mu omi ata láìsí ẹja. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo já okùn ìgèrè Làbákẹ́, omi gbé e lọ. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó dùn mọ́ mi. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi.

Nínú ohùn tó fi ránṣẹ́ níjẹta yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́: “Àkọ̀ kọ́. Èmi ni mo kó ẹja ẹ.” Lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọmọ-ọmọ mi ní, “Grandma, ẹ just forgive her now. Ẹja lásán ni.” Mo ní kó lọ wo awun.

Ayé ti yí. Ìyá mi ti lọ, ẹja dídì tí ẹnikẹ́ni ò mọ odò tó ti wá ni à ń rà ní Norcross, ìgèrè sì ti di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri fún ẹwà. Ìbínú mi nìkan ni kò gbó. Làbákẹ́ nìkan ló sì kù láyé tó mọ odò yẹn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ fóònù, mo fi ohùn tèmi náà ránṣẹ́.

“Làbákẹ́, mo gbọ́ ẹ. Mi ò lè dárí jì ẹ́ lórí fóònù. Dìde lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kó o wá bẹ̀ mí lójúkojú. O ò gbọdọ̀ kú kí n tó bínú sí ẹ tán.”