Ọ̀gá Tó Kọ́ Wa ní Kàráté Lórí Lẹ́búlẹ́bú Pákó

Agogo méje ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Keje. Oòrùn kò tíì wọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú gbọ̀ngàn kàráté kan ní Landover, ní Maryland: bàbá ará Amẹ́ríkà tó ni ín, ọmọbìnrin mi tó fi mọ́tò gbé mi wá, àti èmi. Mo dúró láìwọ bàtà níwájú ògiri tí wọ́n to àwòrán àwọn àgbà ọkùnrin mọ́. Òórùn òróró tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ilẹ̀ onípákó náà ń wọ imú mi. Níta, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fi ẹ̀yìn rìn wọ ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ké pín-ín pín-ín.

Bàbá náà na ọ̀pá rẹ̀ sí àwòrán tó wà nísàlẹ̀ pátápátá.

"Eléyìí ló kọ́ mi," ó sọ ọ́ lédè òyìnbó. "Sójà ni mí nígbà náà, ní Okináwà. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ló kọ́ òun. Tòkè yẹn ló kọ́ ẹni yẹn." Ó ń gbé ọ̀pá náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan àwòrán kan tí kì í ṣe fọ́tò, tí wọ́n fi tàdáwà yà. "Ó kù sọ́wọ́ rẹ, arákùnrin mi. Ta ló kọ́ ìwọ?"

Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún bàbá náà. Ó ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé ní òwúrọ̀ Sátidé. Òfin kan ló sì wà nínú gbọ̀ngàn yẹn: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ dúró níwájú ògiri náà, kó sọ ẹni tó kọ́ òun, àti ẹni tó kọ́ ẹni yẹn, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ lè máa wá na ara o, ṣùgbọ́n kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọdún tó ṣáájú ni ìyàwó mi kú. Láti ìgbà yẹn, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń padà sílé ní Glenarden, mo ń jókòó. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí ọkàn mi tún fẹ́.

"Dádì, ẹ dá wọn lóhùn now," ọmọbìnrin mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ just sọ orúkọ ẹni tó kọ́ yín."

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ò mọ kí ni?"

"Orúkọ Ọ̀gá mi."

Ó wò mí bí ẹni pé orúkọ tirẹ̀ ni mo gbàgbé. "Ẹni tó kọ́ yín láti kékeré, títí ẹ fi hu irùngbọ̀n? Háà, Dádì!"

N kò bá a wí. Maryland níbí ni wọ́n bí i sí. Níbí, orúkọ lèèyàn kọ́kọ́ ń sọ kó tó bọ ẹnìkejì lọ́wọ́.

Lẹ́bàá ọ̀sà ní Èbúté Mẹ́ta ni mo gbé dàgbà, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ayùn ńlá á ti máa han. Igi tútù á máa rùn, ọ̀dà á máa rùn, omi ọ̀sà á máa rùn. N kò lọ sílé ìwé nígbà náà; àgbà ni mo dà kí n tó mọ̀wé. Pákó ni mo ń rù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń to pákó sí ni Ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tapólì ló ń rán, aṣọ líle tí àwọn onílọ́rì fi ń bo ẹrù. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́. Bó bá ti gún un, á fi awọ tó so mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tì í, okùn tó ti fi ìda pa á sì kọjá, á dún fìì. Mo lè jókòó tì í kí n má sọ̀rọ̀, kí òun náà má sọ̀rọ̀, kó sì dà bíi pé a ti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun ni tẹ́lẹ̀ rí. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ lọ́nà jíjìn, ní erékùṣù Okináwà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kí irin tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe tó dé. Níbẹ̀ ló ti pàdé bàbá apẹja kan tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kàráté, ìjà ọlọ́wọ́ òfo, lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà lọ, Ọ̀gá kò bá a lọ. Ó dúró ti apẹja náà, ó ń bá a fa àwọ̀n, ó ń kọ́ṣẹ́, títí tí bàbá náà fi ní kó máa lọ sílé.

Bí ayùn bá ti dákẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá á gbọn okùn kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, á bọ́ sórí òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó, èyí tí ayùn ń tu sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìlagi. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ wa. Ó ní ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ kò ní fọ́ orí, òun ò sì fẹ́ kí ìyá ẹnikẹ́ni wá jà lẹ́nu ọ̀nà òun. Ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú pákó kì í gbé èèyàn dúró. Bó o bá yí padà lójijì, ẹsẹ̀ á rì, ìdí á sì bá ilẹ̀. Nítorí náà, kí a tó yí, a ní láti fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò, kó le díẹ̀ lábẹ́ wa, ká tó gbé ara lé e.

"Tẹ̀ ẹ́ wò!" á kígbe. "Ìwọ elétí dídi yìí, tẹ̀ ẹ́ wò! Ṣé o fẹ́ gbin ẹsẹ̀ bí ẹni gbin iṣu ni?"

Nígbà kan mo ta ìpá sókè gan-an, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lè rí mi. Ọ̀gá wò ó dáadáa.

"Ó ga," ó ní. "Ó dára. Ta lo fẹ́ gbá, ẹyẹ àbí àgbọn?"

Bí a bá parí, a máa ń kúnlẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ wa lórúnkún. Ìgbà yẹn ló máa ń ka àwọn tó ṣáájú fún wa. Kì í dárúkọ wọn. Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyí:

"Apẹja tó kọ́ mi, ìdúró ló fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́ apẹja, ẹ̀ṣọ́ ààfin ọba erékùṣù náà ni, èémí ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́ ẹ̀ṣọ́, oníṣòwò ará Ṣáínà tó wa ọkọ̀ wá ni, ọwọ́ ṣíṣí ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó kọ́ oníṣòwò, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹ jẹ́ ká kí i láti ibí."

A ó sì forí balẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, kí lorúkọ apẹja yẹn?"

"Orúkọ?" Ọ̀gá ní. "Mo ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo ń sùn nílé rẹ̀, kí n tún wá máa bi í lórúkọ? Ṣé ọlọ́pàá ni mí? Sẹ́ńséì la ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n bí ṣáájú ẹni. Ìwọ, ṣé orúkọ lo fi ń pe bàbá rẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà kò bi í. Ó ti dàgbà kọjá ẹni tí a ń pè lórúkọ. Kò sì bímọ, tí à bá fi orúkọ ọmọ pè é ní Bàbá Lágbájá. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pè é ní Bàbá Onítapólì. Àwa ń pè é ní Ọ̀gá. Ó tó wa. Nígbà tó yá, mo lọ ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo fi padà, ẹlòmíràn ti ń ta ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní Bàbá Onítapólì ti padà sí ìlú rẹ̀. Ìlú wo? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mo kọjú sí bàbá ará Amẹ́ríkà náà.

"N kò mọ orúkọ ẹni tó kọ́ mi," mo wí fún un. "Níbi tí mo ti wá, ọmọdé kì í bi àgbà lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fi lé mi lọ́wọ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n fi lé òun náà lọ́wọ́."

Mo kà á fún un bí Ọ̀gá ṣe ń kà á: apẹja, ẹ̀ṣọ́ ààfin, oníṣòwò. Ọmọbìnrin mi kò gbọ́ ọ rí. Ó ti fi fóònù rẹ̀ sínú báàgì.

"Ẹnu lè sọ gbogbo ìyẹn," bàbá náà ní. "Ṣe é kí n rí i."

Mo ṣe é: ìdúró, ẹ̀ṣẹ́ àti ìyípadà tó tẹ̀ léra, bí Ọ̀gá ṣe tò ó fún wa. Nígbà tí mo yí lẹ́ẹ̀kejì, ó gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"Dúró. Kí ni ẹsẹ̀ rẹ ń wá nílẹ̀ yẹn? Kò sí nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan lórí ògiri yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Dádì, ẹ kàn yọ ọ́," ọmọbìnrin mi ní. "Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Please."

Mo lè yọ ọ́. Pákó líle ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò ní rì. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù láyé yìí tó lè sọ pé ọkùnrin yẹn gbé ayé rí?

"Orí lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n ti kọ́ mi," mo wí. "Ẹni tó kọ́ mi ló fi ìyẹn kún un. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbì kan, ibẹ̀ ló wà. N kò ní yọ ọ́."

Bàbá náà fa àga kan, ó jókòó. "Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ẹsẹ̀ mi nìkan ló ń wò. Nígbà tí mo parí, ó nawọ́ sí àwòrán ìsàlẹ̀ yẹn.

"Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ eléyìí, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Sẹ́ńséì, Sẹ́ńséì. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín ni mo tó bi ìyàwó rẹ̀. Ojú tì mí." Ó rẹ́rìn-ín. "Kókósẹ̀ rẹ̀ kan ti ṣẹ́ rí. Gbogbo wa níbí ló ń tiro díẹ̀ bíi tirẹ̀ bí a bá ń fà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, n kò sì sọ fún wọn." Ó dìde. "Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la. Má pẹ́ o."

Nínú mọ́tò, ọmọbìnrin mi kò tan rédíò.

"So, ẹ ò ní mọ orúkọ Ọ̀gá yín láéláé nìyẹn?"

"Rárá, n kò ní mọ̀ ọ́n."

"Kò dùn yín?"

"Kò dùn mí."

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Mo mọ ohùn Ọ̀gá. Mo mọ bí okùn rẹ̀ ṣe ń dún. Lẹ́yìn tí a sin ìyá ọmọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dìde láràárọ̀: mo tẹ ilẹ̀ wò, mo gbé ara lé e, mo sì yí. Ẹni tó fún mi ní ìyẹn kò jẹ mí ní gbèsè orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n mo ro ti àwọn ọmọdé tí n ó kọ́ lọ́la, àti ti ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé ta ló kọ́ wọn, ní ìlú tí n kò ní mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo to àwọn ọmọ náà sórí ìlà. Kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, mo sọ orúkọ mi fún wọn, orúkọ àbísọ àti ti bàbá mi. Mo ní kí wọ́n pè é. Ìyá ọmọ kan láti Langley Park, ará Ọ̀yọ́, fò dìde lórí àga.

"Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí, Bàbá lẹ ń pè lórúkọ gbàgàdà báyìí?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè é, Màmá," mo wí fún un.

Mo ní kí wọ́n tún un pè. Mo dúró títí èyí tó kéré jù nínú wọn fi pè é láìṣì í.