Bàtà Kékeré Kàmọ́rù

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Rye Lane, ní Peckham nílẹ̀ Òyìnbó, òórùn ẹja tútù gba imú mi kan, ni ọ̀rọ̀ kan bá sọ sí mi lọ́kàn: ribitsa. Mo dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Ìyá Ana ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Croatia ni wọ́n, ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí tiwa ní ẹ́síteètì tí a ti dàgbà, ọ̀dọ̀ wọn sì ni èmi àti àbúrò mi, Kàmọ́rù, máa ń wà tí Mummy bá lọ síṣẹ́. Ana, ọmọ wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Riba ni ẹja lédè wọn. Tí ẹja bá kéré, tàbí tó bá wù wọ́n láti fi ìkẹ́ pè é, á di ribitsa. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ Ana. Ó kàn ń gbọ́ ọ ni, títí òun náà fi ń fi itsa sídìí gbogbo ohun tó bá rí, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́. Ìyá rẹ̀ kì í bá a wí. Wọ́n á tún un sọ bó ṣe yẹ, wọ́n á sì máa ro ọbẹ̀ wọn lọ.

Kàmọ́rù ní tirẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Obìnrin kan ní clinic sọ fún Mummy pé èdè méjì ló ń da ọmọ náà lórí rú, kí wọ́n máa sọ English nìkan sí i. Mummy gbà. English tí wọ́n sì gbọ́ nígbà náà ò ju ti ibi iṣẹ́ lọ: come, sit, wait, don't touch. Wọn ò pè é ní Àjàní láàárọ̀ mọ́, wọn ò ki oríkì rẹ̀ mọ́. Ilé wa wá dà bí yàrá tí èèyàn ti ń dúró de dókítà, ó sì dùn mí gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mummy wá kó wa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà fún Kàmọ́rù, wọ́n ní, "Come." Ó na ẹsẹ̀ sí wọn, ó wo bàtà rẹ̀ kékeré, ó ní, "Bàtitsa."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ana ò gbọ́ Yorùbá, Mummy ò gbọ́ èdè Ana. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bàtà wá látilé wa, tó mú itsa nílé wọn, tó so wọ́n pọ̀. Mummy jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tòun ti yunifọ́ọ̀mù iṣẹ́ wọn.

"Àjàní," wọ́n ní, "o ti ń gbọ́ mi látọjọ́ yìí?"

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ilé wa sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ki oríkì Kàmọ́rù lọ débi pé a pẹ́ ká tó wọlé. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá padà sílé wa.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń tijú Yorùbá yín, Kàmọ́rù ti lọ́mọ méjì báyìí, Yorùbá tirẹ̀ sì ń dún bí ti ọmọ Peckham, síbẹ̀ kò tijú láti sọ ọ́. Àwọn Ana ti kó lọ, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Mummy ti darúgbó, ọ̀rọ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n lẹ́nu wọn, ọjọ́ mìíràn wà tí wọn ò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀rù sì máa ń bà mí. Tí Kàmọ́rù bá wá mú wọn lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, á bẹ̀rẹ̀, á gbé bàtà wọn, á ní, "Mummy, bàtitsa yín rèé." Á wá dúró, kì í kán wọn lójú. Tó bá pẹ́ díẹ̀, Mummy á na ẹsẹ̀ sí i, wọ́n á ní, "Àjàní."