Ilé tí a kọ́ lé bàbá mi lórí

Òórùn amọ̀ tútù ni mo fi ń rántí ìjọ Àgùdà wa, kì í ṣe òórùn tùràrí bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó ti Ìbàdàn, àtíbàbà onímọ̀ọ̀pẹ lásán ni ṣọ́ọ̀ṣì náà, ní ọ̀nà Mọ́lété, lẹ́bàá odi ìlú. Fadá òyìnbó kan ló wà níbẹ̀, àti tíṣà kan, ọmọ Èkó, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ló kọ́kọ́ gba ìrìbọmi nínú ìdílé. Àwọn ará ilé fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí, wọ́n ní ẹni tí iná ń jó lójoojúmọ́ kò jẹ̀bi bó bá wá omi tútù lọ. Ẹ̀fẹ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó bá a jà.

Ìgbà tó kú ni ìjà dé. Ikọ́ ló pa á, wọ́ọ́rọ́ ló sì lọ lórí ẹní rẹ̀. Ó ti sọ fún èmi àti ìyá mi pé ilẹ̀ tí Fadá wọ́n omi mímọ́ sí ni kí a sin òun sí. Àbúrò rẹ̀, tí à ń pè ní bàbá kékeré, rò pé àdúrà lásán ni a fẹ́ gbé òkú lọ gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí a tó gbé e padà wálé. Jagunjagun ni, òyìnbó ti gba ogun lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rí nǹkan gidi fi ọwọ́ náà ṣe mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ti gbẹ́ sàréè sínú yàrá bàbá mi, bí a ti í ṣe fún gbogbo ẹni tó bá kú ikú rere.

Ẹ̀yìn odi ni ilẹ̀ tí Fadá yà sọ́tọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ayé ìgbà yẹn, ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá pa, tàbí ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀, ni wọ́n ń gbé lọ sígbó ẹ̀yìn odi. Fadá ò mọ̀. Tíṣà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀. Èmi àti ìyá mi mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kú lọ kọjá ohun tí à ń yí padà.

Nígbà tí a gbé pósí kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, tí a kọrí sí ẹ̀yìn odi, bàbá kékeré dá wa dúró. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ àtijọ́ sì mú kùmọ̀ tẹ̀ lé e.

"Ṣé ilẹ̀ẹ́gbóná ló pa ẹ̀gbọ́n mi ni, tí ẹ fi ń gbé e lọ sígbó?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Kùmọ̀ ba ẹni tó gbé pósí níwájú ní èjìká, mo gbọ́ bí egungun rẹ̀ ṣe dún. Pósí já lulẹ̀, ó là, ọwọ́ bàbá mi sì yọ síta. Fadá na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń sọ èdè tí kò yé ẹnikẹ́ni, wọ́n là á ní kùmọ̀ lórí, ẹ̀jẹ̀ sì bo aṣọ funfun rẹ̀ dé ìbàdí. Bàbá kékeré gbé àdá sókè láti parí rẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Mo rí àwọn ìka rẹ̀ nínú koríko. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé kò sí ẹnì kan níbẹ̀, nínú àwọn tó ń lù àti àwọn tí wọ́n ń lù, tí kò fẹ́ràn bàbá mi.

Ìyá mi dùbúlẹ̀ lé pósí. Èmi náà ṣubú tì í, ẹnì kan sì ta mí nípàá ní ẹ̀gbẹ́. Láti ibi tó wà ni ìyá mi ti bá àbúrò ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi, ṣé torí pé kò sílé níbẹ̀ ni? Ẹ kọ́ ọ lé e lórí."

Bàbá kékeré dúró, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára àdá. Mo ti fi gèlè mi di ọwọ́ tíṣà, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, síbẹ̀ ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Fadá. Fadá wo ilẹ̀ náà, ó wo bàbá kékeré, ó sì mi orí pé òun gbà. Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣojú ìjọba ní Ìbàdàn, rán ọlọ́pàá wá béèrè ẹni tó fọ́ ọ lórí, ó ní òun kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ti de bàbá kékeré lọ.

A sin bàbá mi síbẹ̀. Àwọn tó lù wá ló tẹ amọ̀, àwọn ló mọ ilé oníyàrá kan lé e lórí, bàbá kékeré kò sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi bo òrùlé ilé náà. Ṣùgbọ́n ilé tí kò léèyàn nínú, ahoro ni, ahoro kò sì yàtọ̀ sí igbó lójú rẹ̀. Ló bá lọ sọ fún Fadá pé kó wá èèyàn sínú ilé ẹ̀gbọ́n òun. Fadá ní àwọn ọmọdé lòun ní. Bí ilé-ìwé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọmọ bàbá kékeré ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, bàbá kékeré ti oko dé, ó yà wá wo ọmọ rẹ̀. Ó bá a tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé. Ìwà àrífín gbáà nìyẹn nílé wa, ó sì fa pàṣán yọ. Ọmọ náà wò ó bíi pé kò yé e.

"Bàbá, bí tíṣà wa ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn."

Bàbá kékeré gbójú sókè, ó rí i pé gbogbo ọmọ tó wà nínú yàrá náà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò. Ó wo tíṣà, ẹni tó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sunkún níwájú àwọn ọmọdé.

Àwọn kan ń sọ lónìí pé Fadá ló dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀, n kì í bá wọn jiyàn. Láti ìgbà tí òyìnbó ti dé ni mo ti ń gbọ́ pé ogun ti tán n'Íbàdàn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà pé ó tán ní ilé tiwa.