Ilé Ọmọ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Tì ní Dọ̀pẹmú

Ohun tó kọ́kọ́ kọ mí lóminú lọ́jọ́ náà ni pé ilé yẹn dákẹ́ jù. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà lórí ẹní nínú yàrá kan ní Dọ̀pẹmú, kò sí èyí tó ń sunkún, kò sí èyí tó ń ṣeré. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti oorun lásán.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa yẹ àwọn jẹ́lé-ó-sinmi wò láti Agége dé Ìkẹjà, fún ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jà kí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ lè rí ìtọ́jú tó péye. Ará Èkìtì ni mí, tíṣà ọmọ kéékèèké sì ni mí tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé ojú lèèyàn fi ń bẹ ilé ọmọ wò, ṣùgbọ́n imú ló ń sọ òótọ́ ibẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òórùn oògùn ikọ́, irú èyí tó máa ń kun ọmọ lóorun, ni imú mi gbọ́.

Ìyá Wálé tó ni ilé náà kò tilẹ̀ fi ìgò oògùn náà pamọ́.

"Ṣíbí kékeré péré ni, Àǹtí," ó ní. "Èmi nìkan ṣoṣo ni mo wà níbí. Ọwọ́ méjì náà l'Ọlọ́run fún mi."

Mo ní, "Ìyá Wálé, oògùn ikọ́ kọ́ ló yẹ kó máa bá yín tọ́jú ọmọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n fún un ní olùrànlọ́wọ́ méjì, kí wọ́n sì kọ́ ọ níṣẹ́. Àmọ́ mo fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n ti ilé náà. Gbólóhùn yẹn nìkan ni wọ́n kà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní ọ́fíìsì wa. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Rísíkátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ wá síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ abọ́ ike ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Orẹ́gùn. Ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ẹlòmíì á ti wà nípò rẹ̀. Nígbà tí kò rí ibòmíì, ó ti Àwáwù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún kan, mọ́lé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọlọ́dún méje. Ebi pa àbúrò. Ẹ̀gbọ́n gbé omi kaná kó lè po ẹ̀kọ fún un. Omi náà dà sí Àwáwù lápá òsì títí dé ìka.

Nígbà tí mo gbọ́, ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo dé ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú Rísíkátù, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ.

"Mo fẹ́ kí wọ́n tọ́jú wọn dáadáa ni," mo ní.

Kò gbójú sókè. "Mo mọ̀, mà. Oògùn yẹn ń mú wọn sùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń jí."

Àwáwù ò kú. Àmọ́ ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, kò sì là mọ́ títí dòní.

Látìgbà náà ni mo ti ń bẹ ilé iṣẹ́ abọ́ ike yẹn pé kí wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Máníjà kan fi ẹ̀rín dá mi lóhùn: "Màmá, ike la ń ṣe níbí, a kì í tọ́ ọmọ." Ìjọba ìbílẹ̀ ní ìwé tí mo tún kọ sí wọn lórí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀gá. Ìwé mi ò kúrò lójú kan. Ìyá Wálé ń ta ọṣẹ báyìí. Àwọn ìyá kan sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wọn kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́.

Mo fẹ̀yìn tì lóṣù tó kọjá. Obìnrin tó gba ipò mi ní kí n fún òun ní ìmọ̀ràn kan ṣoṣo.

Mo ní, "Má ṣe jẹ́ kí wọ́n ti ilé ọmọ kankan, àfi tí o bá mọ ibi tí àwọn ọmọ yẹn máa wà lọ́jọ́ kejì."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó wá gbójú sókè.

"Níbo ni ká máa gbé wọn lọ, mà?"

Ogún ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìbéèrè yẹn gan-an ni èmi náà ṣì ń bi ìjọba ìbílẹ̀.