Okùn Igbà Tí Wọ́n Fi Ra Ọsàn

Kùrukùru ni mo kọ́kọ́ bá pàdé ní Ifangni, kí n tó bá ènìyàn pàdé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo dé, ọ̀nà pupa tó lọ sí Tchaada funfun bí ẹni da ògì sí i, àwọn ọ̀pẹ sì dúró bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Inú kùrukùru yẹn ni mo ti rí òkìtì ọsàn létí ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ wà níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ó ṣe mí bíi pé mò ń lálàá.

Sáà Rẹfolúsọ́n nìyẹn, ìyípadà ńlá tí ìjọba kéde nílẹ̀ wa, tí gbogbo wa jẹ́ kámárádì fún ara wa, tí wọ́n ń rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí ìgbèríko ká lọ sin ìlú. Òfin ni mò ń kọ́, torí náà wọ́n fi mí sí ilé ẹjọ́ ìlàjà pé kí n máa ran alága lọ́wọ́. Bàbá Lámídì ni alága náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹjọ́ bá ti ń dùn ni yóò dijú, àlejò á rò pé ó ti sùn. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

"Àwọn obìnrin tó ń lọ sóko ló ń pàtẹ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Òkúta kan, fúráńkì márùn-ún. O gbé ọsàn, o fi owó sílẹ̀. Bọ́n, ó dáa, ìwọ tó o mọ òfin, ṣé àdéhùn nìyẹn?"

Inú mi dùn. Ohun tí olùkọ́ wa ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣàlàyé ló wà létí ọ̀nà yẹn. Ẹni tó to òkúta ti fi ọjà lọ gbogbo ayé: ìfilọ̀ nìyẹn. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ ti gbà: ìtẹ́wọ́gbà nìyẹn. Bí méjèèjì bá ti bára mu, àdéhùn ti dúró, bí wọn ò tilẹ̀ rí ojú ara wọn rí. Mo ń gbé ìrònú náà kiri Ifangni bí ọmọ tó fi àádùn pamọ́ sápò.

Ẹjọ́ tó kọ́ mi ní ìyókù dé nígbà tí ẹyìn pọ́n. Lásísì, ará Banigbé, ló pe Ìyá Bintà, ará Tchaada, lẹ́jọ́. Iṣẹ́ Lásísì ni kó máa gun ọ̀pẹ bẹ́ ẹyìn. Ó ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ti ń yán hànhàn fún ọsàn, kò sì sí kọ́bọ̀ lápò rẹ̀. Ó kó ọsàn Ìyá Bintà létí ọ̀nà, ó sì fi igbà rẹ̀ lé orí òkúta. Igbà ni okùn líle tí agunpẹ máa ń ta yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká, òun ló ń gbé e dúró lókè. Òjò dá a dúró sílé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó padà débẹ̀, kò rí igbà mọ́.

"Mo fi ṣe ìdógò ni," Lásísì wí níwájú wa. "Ta ló ń fi igbà ra ọsàn? Ṣé màá gé ẹsẹ̀ mi fi ra bàtà ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àfi Ìyá Bintà. "Kámárádì alága, mi ò jalè o. Mo dé, mo rí okùn, mi ò rí owó. Mo ní ó dáa náà, ẹni tó kó ọsàn mi ti fi okùn dí i. Mo gbé e, a sì ti ń lò ó nílé. Fíní, ó parí."

Ọ̀rọ̀ náà le, torí Lásísì ò ní igbà mìíràn. Ẹyìn ń rẹ̀ dànù lórí ọ̀pẹ, ìyàwó àti ọmọ jòjòló sì ń wojú rẹ̀ nílé. Bàbá Lámídì ti dijú tipẹ́. "Kámárádì akẹ́kọ̀ọ́," ó ní, "kí lòfin wí?"

Mo dìde. Mo ní owó ni òkúta ń béèrè, igbà ni Lásísì fi sílẹ̀, nítorí náà kò gba ìfilọ̀ náà bó ṣe wà, ìfilọ̀ tuntun lòun náà gbé kalẹ̀. Ìyá Bintà gbé e, ó sì ń lò ó, ó ti gbà nìyẹn. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ wo àṣà àwọn agunpẹ ká tó mọ̀ bóyá igbà tilẹ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ń tà. Bàbá Lámídì ń mi orí. Bí mo ṣe fẹ́ jókòó ni mo rántí ìbéèrè kan tí olùkọ́ wa ní ká má ṣe gbàgbé láéláé, torí àdéhùn ń fẹ́ òótọ́ inú: ohun tí o mọ̀ tí ẹnì kejì ò lè rí, o gbọ́dọ̀ sọ fún un. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

"Lásísì," mo ní, "ǹjẹ́ àbùkù kan wà lára igbà náà tí Ìyá Bintà ò mọ̀?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí padà. "Ibì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó tó ti ń gbó," ó ní. "Ojú ò lè rí i, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n. Mo máa ń yí i sósì kí n tó fara tì í. Mo fẹ́ tún un ṣe ni."

Ìyá Bintà ti dìde. "Mumini ọmọ mi ló gbé e. Ó ti lọ gun ọ̀pẹ láàárọ̀ yìí."

Kò sẹ́ni tó sún ẹjọ́ síwájú. Gbogbo wa sáré, alága, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́, èmi náà pẹ̀lú bàtà mi lọ́wọ́. Nínú ìrántí mi, eré yẹn kò ní ariwo kankan. Oòrùn ń sẹ̀ wá láti àárín imọ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀ sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A rí Mumini lókè téńté, ó fẹ̀yìn ti igbà, ó ń kọrin. Ìyá rẹ̀ fẹ́ figbe ta, Lásísì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àbúrò mi," ó pè é jẹ́jẹ́, "má yára. Kọ́kọ́ di imọ̀ mú. Ṣé o ti dì í mú? Ó dáa. Yí kókó igbà sósì. Bẹ́ẹ̀ ni. Máa bọ̀ ní díẹ̀díẹ̀."

Nígbà tí ẹsẹ̀ Mumini kan ilẹ̀, ìyá rẹ̀ jókòó sínú koríko, ó bú sẹ́kún. Lásísì fi ẹsẹ̀ tẹ igbà mọ́lẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì já sí méjì.

"Tèmi ló já," Lásísì wí.

"Rárá o," Ìyá Bintà dáhùn pẹ̀lú omijé, "tèmi ni. Mo ti gbà á."

Bàbá Lámídì jókòó sórí kùkùté, ó tún dijú. "Kámárádì akẹ́kọ̀ọ́," ó ní, "ẹjọ́ mìíràn ti dé."

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti parí rẹ̀. Ìyá Bintà ní kí wọ́n ṣe igbà tuntun fún Lásísì, Lásísì sì mú Mumini dání ní gbogbo àsìkò ẹyìn yẹn, ó kọ́ ọ níṣẹ́.

Mo padà sí yunifásítì, mo sì di olùkọ́ òfin. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ ìtàn ọsàn àti igbà yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí wọ́n bá ti kọ́ ìfilọ̀ àti ìtẹ́wọ́gbà sórí tán, tí wọ́n ní àdéhùn ti pé, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló wà lórí ọ̀pẹ?" Wọn a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọn a tún ẹjọ́ tó wà níwájú wọn wò.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo wọ kíláàsì, mo bá òkìtì ọsàn lórí tábìlì mi. Mo wá òkúta níwájú rẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan.

"Màdáámù," ọ̀kan nínú wọn wí, "èyí kì í ṣe àdéhùn. Ẹ ṣáà gbé e."

Mo jókòó, mo sì sunkún bí Ìyá Bintà.